Àwòrán Olóyè Lára Ògiri
Olóyè Lágbọ́njú, onílé kan ní Ìṣẹ́yìn, pàṣẹ pé ìṣó kankan kò gbọdọ̀ wọ ògiri òun àfi èyí tí ayálégbé bá fi gbé àwòrán òun kọ́; ẹni tó bá rú òfin náà yóò kó jáde. Ṣùgbọ́n àìsàn ti dá ìyá Àbẹ̀jẹ́ dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n háyà, òkè nìkan ni ojú rẹ̀ ń wò, ni Àbẹ̀jẹ́ bá kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri lókè fún un. Ìró òòlù dé etí olóyè. Bí ọ̀pá rẹ̀ ti ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àbẹ̀jẹ́ fi fóònù gbé àwòrán ìwúyè olóyè sójú tẹlifíṣọ̀n. Olóyè ṣílẹ̀kùn, ó bá ara rẹ̀ lókè nínú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, tó ń tàn bí òṣùpá. “Àbẹ̀jẹ́, kí lo kàn mọ́ ògiri mi?” “Àwòrán yín ni, Bàbá. Ti bébà tí à ń gbé kọ́ tẹ́lẹ̀ ti kéré jù fún yín.” Olóyè wo ara rẹ̀ títí. “Ṣé ìṣó yẹn lágbára ṣá?” “Ó lágbára, Bàbá.” “Má yọ ọ́ o.” Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Láti ìgbà náà, bí ìró ọ̀pá bá ti ń bọ̀, olóyè a yọ lára ògiri. Bí ọ̀pá náà bá ti kọjá lọ, olóyè a wọ̀ bí òṣùpá, ìyá a sì máa wo eré rẹ̀ lọ títí oorun yóò fi gbé e.