Ìrẹ̀ àti Etí Ògúnkẹ́yẹ

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ iná, àlọ́ rèé o!

— Àlọ́ la wá gbà!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó lọ jókòó sórí Ògúnkẹ́yẹ alágbẹ̀dẹ, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, àti Ìrẹ̀.

— Kí ló ṣe wọ́n?

Ẹ máa bá mi ká lọ.

Láyé ọjọ́un, ilé àgbẹ̀dẹ dùn! Ògúnkẹ́yẹ á máa lu irin, Àwẹ̀ró á máa fi ẹwìrì fín iná. Irin á dún, Àwẹ̀ró á kọrin sí i. Àwọn tó ń pọnmi lódò á gbọ́ wọn, wọ́n á máa jùdí. Áà, ayé ìgbà yẹn! Àárò rẹ̀ ń sọ èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tó yá, ogbó dé. Apá Ògúnkẹ́yẹ kò gbé òòlù mọ́. Iná àgbẹ̀dẹ kú. Ọjọ́ tí ilé àgbẹ̀dẹ dákẹ́ gan-an ni etí Ògúnkẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wíín! Wíín!

"Àwẹ̀ró, ta ló ń súfèé?"

"Kò sẹ́ni tó ń súfèé, baálé mi."

"A jẹ́ pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ mi láìdáa nìyẹn!"

Ó mú ọ̀pá. Ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. "Ṣé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ mi?" Wọ́n ní àwọn kọ́. Ó bú wọn, ó padà sílé. Etí ṣì ń hó.

Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò kúkú fi òwú dí i?"

Ògúnkẹ́yẹ fi òwú dí etí. Ariwo ìlú lọ, ó ku wíín nìkan. Ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fa òwú yọ, ó sọ ọ́ nù.

Ìgbín ń wọ́ lọ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá ibi tó pa rọ́rọ́ lọ."

Ògúnkẹ́yẹ lọ sí ahéré oko. Ẹyẹ kò ké, ewé kò mì. Wíín di ariwo oyin nínú orí rẹ̀. Ó sáré wálé.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ṣe é. Ọgbọ́n ọ̀hún ló burú jù! Ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Kí wọ́n má gúnyán. Kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà, Àwẹ̀ró, má kọrin mọ́. Má bá mi sọ̀rọ̀."

Àwẹ̀ró panu mọ́. Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò kọrin. Ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó di ẹrù rẹ̀.

"Baálé mi, mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa lọ́la. Àárò yín ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ iwájú mi lẹ jókòó sí yìí."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ògúnkẹ́yẹ lọ́kàn. Ó jáde, ó lọ jókòó nílé àgbẹ̀dẹ tó ti tutù. Ibẹ̀ ló ti bá Ìrẹ̀, tí òjò lé wọnú eérú.

"Kííríkíín!"

"Ìwọ olè! Ìwọ lo wà létí mi!" Ó na ọwọ́ sí òòlù.

"Ẹ rọra o, Bàbá! Bí mo bá wà létí yín, ta ló wá wà lẹ́sẹ̀ yín yìí?"

Ògúnkẹ́yẹ fa ọwọ́ padà.

Ìrẹ̀ ní, "Irin tí ẹ ti ń lù láti kékeré ló ń dún níbẹ̀. N ò lè lé e lọ. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń bọ́ ọ yó. Ẹ jẹ́ kí n máa ké pẹ̀lú rẹ̀." Ó bá kọrin:

Bàbá àgbẹ̀dẹ, ẹ má bínú mọ́ o,
— Kííríkíín!
Irin àná ló ń rántí yín o,
— Kííríkíín!
Ẹ jẹ́ kílé ó máa dún o,
— Kííríkíín!
Kí oorun ó lè wá o,
— Kííríkíín!

Wíín kò lọ o. Ṣùgbọ́n ó sọnù sáàárín kííríkíín. Èjìká Ògúnkẹ́yẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó yán!

"Ìrẹ̀, kí lo fẹ́ gbà?"

"Ẹ fún mi ní ìdí àmù, níbi tó tutù, tí adìyẹ ò ti ní rí mi. Bílé bá dákẹ́, n ó máa ké. Bí ẹnìkan bá sì ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀, n ó dákẹ́, kí ẹ lè gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ilẹ̀ mọ́. Ògúnkẹ́yẹ di ẹrù Àwẹ̀ró mú. "Má lọ mọ́. Kọrin."

"Orin wo?"

"Èyí tí o máa ń kọ nídìí ẹwìrì."

Àwẹ̀ró kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ti há. Ògúnkẹ́yẹ sunkún bí ọmọdé. Àwẹ̀ró tú ẹrù.

Etí kò fi híhó sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bá a jà mọ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, Àwẹ̀ró á dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá sùn, Ìrẹ̀ á gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí Àwẹ̀ró fi kú, tí Ògúnkẹ́yẹ náà tẹ̀ lé e. Ilé àgbẹ̀dẹ wó. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Ìrẹ̀ pé wọ́n ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí ìrẹ̀ fi ń ké nílé wa títí dòní bí gbogbo ibi bá ti pa rọ́rọ́. Ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń dákẹ́ lójijì bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín. Ó rò pé Àwẹ̀ró ló ń bọ̀ wá bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ìrẹ̀ ó má ké lẹ́yìnkùlé mi mọ́.