Adìyẹ Oníbúrẹ́dì àti Ẹ̀kọ Tó Ti Dì

"Ẹ̀kọ tó ti dì kò gba ewé mìíràn." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ pátákó ìpolówó ní Ìrágbìjí ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ẹ ó rí i pé wọn á máa wo ara wọn lójú. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣojú mi.

Láṣebìkan ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, iṣẹ́ kan náà la sì jọ ń ṣe. Ó mọ kọ̀ǹpútà lò, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Ohun tí kò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni olè. Nítorí òdòdó kan péré tí mo yá lò lára iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí mi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí a bá fi ìlà ya àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ń rántí bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀. Bí o bá ní kó tóbi bí ògiri, yóò tún un fà, yóò sì dán. Ṣùgbọ́n o lè pàṣẹ kó sọ àwọn ìlà yẹn di àmì kéékèèké onígun mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ra. Àwa ń pe èyí ní dídì. Àwòrán tó bá ti dì, ẹlòmíràn kò lè tú u palẹ̀ jí, ṣùgbọ́n òun náà kò lè dàgbà mọ́. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni Láṣebìkan ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, yóò sì pa èyí tó kọ́kọ́ fi ìlà yà rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí àgbébọ̀ adìyẹ tó yà sára ọ̀rá búrẹ́dì Ìyáàfin Àtóyèbí. Adìyẹ náà kò ju àtàǹpàkò lọ, ó sì rẹwà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé kò fi béèrè búrẹ́dì mọ́, "aládìyẹ" ni wọ́n ń béèrè. Obìnrin náà bá kọ́ ilé búrẹ́dì ńlá sẹ́bàá títì wa, ó ní kí Láṣebìkan gbé adìyẹ náà sí pátákó tó ga bí òrùlé.

Láṣebìkan fẹ èyí tó ti dì. Gbogbo àmì kéékèèké yẹn wú. Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé náà, òkìtì búlọ́ọ̀kù ló wà lójú pátákó.

"Láṣebìkan, kí nìyí?"

"Adìyẹ yín ni, mà."

"Ibo ni orí rẹ̀ wà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó rí i."

Obìnrin náà sún sẹ́yìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Kò rí orí. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá ló wá bà á jẹ́ pátápátá: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé búlọ́ọ̀kù lẹ tún ń tà ni?" Kí ọ̀sán tó pọ́n, búrẹ́dì oníbúlọ́ọ̀kù ti gba ìlú kan. Ta ló fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù mu tíì? Ìyáàfin Àtóyèbí ní bí orí adìyẹ òun kò bá yọ títí di Ọjọ́rú, òun á gbé gbogbo iṣẹ́ òun fún mi. Inú mi dùn.

Láṣebìkan fà á lọ, ó fà á bọ̀, orí kò yọ. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wá mi orí, ó fi oríkì pè é.

"Àlàó, ẹ̀kọ tó ti dì kò gba ewé mìíràn. Nígbà tó ṣì gbóná, ṣé o ò bu díẹ̀ sílẹ̀ ni?"

"Mi ò bù, Ìyá mi."

"Nítorí kí ni?"

Láṣebìkan nàka sí ọ̀dọ̀ mi. "Nítorí ìyẹn."

"Ó dáa. Jókòó kí o se òmíràn."

Ó jókòó lóòótọ́, ó fi ìlà ya gbogbo ìyẹ́ adìyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Ọjọ́rú, orí yọ. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó dùn mí láti sọ ọ́. Pátákó àkọ́kọ́ ni Láṣebìkan fi bo ilé adìyẹ rẹ̀. Àwọn adìyẹ inú rẹ̀ kò mọ̀ pé ìbátan àwọn ni.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń kánjú parí ohun tó ṣì lè yí padà: ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ìbínú ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ẹni tó fẹ́ búra pé òun kò ní bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n pa á fún èmi náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ní n kò ní dárí ji Láṣebìkan láé pé ó fojú olè wò mí. Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, tèmi ti dì tipẹ́.