Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ṣọlápé

Ọ̀gá Adégẹ̀ẹ́sìn, tísà kẹ́mísírì tí gbogbo kíláàsì ń bẹ̀rù, gbé ìgò ìyẹ̀fun funfun mẹ́ta tí imí-ọjọ́ wà nínú gbogbo wọn síwájú Ṣọlápé, tí ọ̀fìnkìn ti dí nímú pa. Ó ní, "Dárúkọ wọn láì fọwọ́ kan ásíìdì wa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò bá wa lọ síbi ìdíje kẹ́mísírì." Ṣọlápé fún ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń lá nítorí ọ̀fìnkìn, tí omi kíkan rẹ̀ jẹ́ ásíìdì fúnra rẹ̀, sínú ìgò kìíní, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, imú mi dí, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀." Ọ̀gá fò sẹ́yìn: "Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́!" "Sọ́fáìdì nìyẹn, sà, irú imí-ọjọ́ tó máa ń rùn bẹ́ẹ̀ bí ásíìdì bá kàn án." Ó fún un sí ìkejì, ọ̀gá wúkọ́ títí: "Bí èéfín ìṣáná!" "Sọ́fáìtì, sà." Ó fún un sí ìkẹta, ọ̀gá fa imú, fa imú: "Èyí ò rùn rárá!" "Sọ́fẹ́ètì ni, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi ṣe é." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nu ojú tó ń ṣomi, ó ní, "Lọ di ẹrù ìdíje ẹ. Má gbàgbé ọsàn."