Ìlà Kan Ló Wọ́

Obìnrin kan wà, onídìrí ni. Ọwọ́ rẹ̀ dán débi pé àwọn ìyàwó tuntun máa ń ti ìlú kejì wá jókòó síwájú rẹ̀. Irun ló mọ̀. Ní ti ìwé, orúkọ ara rẹ̀ ló lè kọ, àti orúkọ Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní ní girama. Gbogbo ohun tí ìwé kò ṣe fún un, ó fẹ́ kó ṣe é fún ọmọ yìí.

Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ni tíṣà fi ń la ọ̀rọ̀ yé wọn. Ní girama, Gẹ̀ẹ́sì ni láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Àwẹ̀ró mọ ohun tó wà lójú pátákó dà kọ. Ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, ó tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó ka ohun tó kọ, ilẹ̀ ni yóò máa wò.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa ilé wọn. Ọmọ náà kọ ojú ìwé kan gbáko. Nígbà tí ìwé padà dé, tíṣà ti fi bírò pupa fa ìlà láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀. Ó tún ka ibì kan níbẹ̀ sókè, kíláàsì sì rẹ́rìn-ín títí. Àwẹ̀ró dé ṣọ́ọ̀bù, ó ju àpò sílẹ̀.

“Màmi, mi ò lọ mọ́. Ẹ jẹ́ n máa dirun.”

Ìyá wo pupa náà. Kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó rí i pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fagi lé. Ó dùn ún wọ eegun. Ó ní, “Bóyá orí ìwé kọ́ ni mo bí.” Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀, ọmọ sì ti gbọ́. Ó wá ní kó dúró ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la ná, kí àwọn rò ó wò. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí mọ̀ pé ọmọ tó bá fi ìdí balẹ̀ síbẹ̀, kì í sábà padà sí kíláàsì mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọọṣẹ́ kan ń di ṣùkú fún oníbàárà. Ó kù díẹ̀ kó parí nígbà tí oníbàárà fọwọ́ kan ìlà kan lẹ́yìn etí rẹ̀.

“Ibo ni èyí ń lọ ní tirẹ̀? Àbí ó ní ẹni tó fẹ́ kí lójú ọ̀nà ni?”

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bá ọmọọṣẹ́, ó ki ọwọ́ bọ irun náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u látòkè.

“Kí lò ń ṣe yẹn?” ni ìyá Àwẹ̀ró, ọ̀gá rẹ̀, bi í.

“Ó ti bàjẹ́, Ọ̀gá. Mo fẹ́ tú u dànù.”

“Ìlà kan ló wọ́, o wá fẹ́ tú gbogbo orí. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Wá ibi tó ti wọ́, tú ibẹ̀ nìkan, kí o tún un dì. Ṣé dídì lo fi bẹ̀rẹ̀ níbí ni? Ṣebí títú ni mo kọ́kọ́ fi sí ọ lọ́wọ́, títí o fi mọ bí irun ṣe ń rìn?”

Ó sọ ọ́ tán, ọwọ́ tirẹ̀ dúró sínú irun tó ń dì. Ó wo Àwẹ̀ró tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Gbé ìwé yẹn wá. Níbo gan-an ló ti wọ́?”

“Gbogbo ẹ̀ ni.”

“Mi ò bi ọ́ ní gbogbo ẹ̀. Ibi tí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín ńkọ́?”

“Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé bí mo bá ti ń sún mọ́lé, mo máa ń gbọ́ òórùn ẹ̀wà yín. Wọ́n ní Òyìnbó kì í gbọ́ òórùn. Wọ́n ní ṣé etí ni mo fi ń jẹun.”

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa ìyá náà pàápàá. “Kí wá ni Òyìnbó ń fi òórùn ṣe?”

“Àwọn Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún un, etí ò sí níbẹ̀. Mi ò tíì bá a pàdé rí ni.”

“Níbo ni wọ́n ti ń bá a pàdé?”

“Nínú ìwé ìtàn tí wọ́n ní ká máa kà.”

“Ṣé o ń kà á?”

Ilẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń wò.

“A jẹ́ pé irun tí o ò tú rí lo fẹ́ dì,” ni ìyá wí. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa orí rẹ lánàá, òun náà wọ́. Mo ti tú u. Lọ́la, o máa lọ sílé ìwé.”

Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá ti dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, á ka ìlà díẹ̀ sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, á sì tú u sí Yorùbá. Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí nǹkan bá ta kókó nínú Yorùbá náà. Á ní, “Ibẹ̀ yẹn ò tíì tú. Padà sẹ́yìn.” Bó bá tú tán, á ní kó pa ìwé dé, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìlà díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nípa ohun tó rí lójú ọ̀nà. Kò yá rárá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹkún wà níbẹ̀. Nígbà kan, ìtàn dùn débi pé àwọn méjèèjì gbàgbé ẹ̀wà lórí iná. Àwẹ̀ró ló gbójú sókè, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òórùn ẹ̀wà tó ń jó ti dé imú òun. Etí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí tíṣà tún dá àròkọ padà, pupa ṣì wà lójú rẹ̀. Ọmọ náà nà án sí ìyá rẹ̀, kò wo ilẹ̀.

“Màmi, ìlà mẹ́ta ló wọ́. Mo mọ̀ wọ́n.”

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ lè ní ẹ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá yìí náà kò gbọ́ ọ. Kíkà ni títú, ẹ sáà wo bí a ṣe ń pe ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ: ìtumọ̀. Kíkọ ni dídì. Ẹ má bèèrè dídì lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ kò jókòó tì kó tú. Bó bá sì gbé ìwé pupa wálé, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ bi í pé níbo ló ti wọ́. Ìlà ló wọ́. Orí kò wọ́.