Ọkọ́ Agbẹ̀bí Nínú Bùdó Ogun
Ẹ wá gbọ́ bí ọkọ́ kan ṣe sọ bùdó ogun di ìlú ńlá. Balógun Ògúnrìndé pàṣẹ pé bùdó òun kì í ṣe ilé: kí oòrùn tó wọ̀, kí àwọn obìnrin kó gbogbo nǹkan wọn kúrò, ẹni tó bá fi ohunkóhun sílẹ̀, orí rẹ̀ á lọ sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́dún yẹn, ó sì ti sú Moróunfólú agbẹ̀bí pátápátá. Ó gbé ọkọ́, ó gba ẹ̀yìn àgọ́ Balógun lọ, ó ń gbẹ́lẹ̀. Balógun fò jáde: "Kí lò ń hú?" "Ibi tó tẹ̀lé ọmọ yín wáyé, tí mo rì síbí ni, Bàbá." "O fẹ́ pa ọmọ mi ni?" "Háà! Ṣebí ibi tí a bá rì í sí nilé ọmọ? Ẹ sì ní ibí kì í ṣe ilé. Ẹ yà fún mi jàre, ogójì ló ṣì kù." Kí Balógun tó wẹ̀yìn, àwọn jagunjagun rẹ̀ ti sáré lọ dúró, kálukú níbi tí wọ́n rì ti ọmọ tirẹ̀ sí. Balógun mí kanlẹ̀: "Gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dúró." Moróunfólú ò dúpẹ́. Ó ní, "Òrùlé mi ń jò." Òrùlé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, lónìí, ẹ gorí òkè, kẹ́ ẹ ka òrùlé ìlú náà tán bẹ́ ẹ bá lè.