Ihò Inú Ọgbà Nàtáníẹ̀lì

Ní abúlé Ìdí-Ayin, nígbà tí ilé àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ kò tíì ju mẹ́jọ lọ, ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Nàtáníẹ̀lì. Òun, Fébè ìyàwó rẹ̀ àti Efúnyẹmí ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Tọkọtaya náà ti ṣèrìbọmi, ṣùgbọ́n ìyá kò bá wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì rí. Kò bú ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀, kò sì yìn ín. Nígbà tí Nàtáníẹ̀lì bẹ̀ ẹ́ títí, èsì kan ṣoṣo ló rí gbà lẹ́nu rẹ̀, pé òun ń wò ó ná. Kò sì sí ohun tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ láyé tó ju pé kí ìyá òun mọ Jésù kó tó kú.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mú ọkọ́, Nàtáníẹ̀lì àti ìyàwó rẹ̀ á kúnlẹ̀ ní pálọ̀. Wọ́n á kọ orin kan, wọ́n á ka Bíbélì, ọkùnrin náà á wá gbàdúrà, kò sì ní ṣe kó má dárúkọ ìyá rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, tí á ní atẹ́gùn lòun ń gbà. Atẹ́gùn wo ló wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀? Fébè mọ ohun tí ìyá ń gbà.

Ẹ̀yìn ilé ni ọgbà wọn wà, ibẹ̀ sì ni iṣu tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè ti ń wá lọ́dọọdún. Ṣówándé aládùúgbò wọn ní ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ tó ń jẹ kiri àdúgbò. Àṣà kan wà ní Ìdí-Ayin lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá já ọgbà tó dúró dáadáa wọlé, ẹni tó ni ẹlẹ́dẹ̀ yóò fi iṣu dípò iṣu. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà á kọ́kọ́ fọwọ́ pa ẹnu ihò náà wò. Bó bá rí ṣákaṣàka, ihò tuntun ni. Bó bá ti dán, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, ọlọ́gbà ló jẹ̀bi, kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọdún tí wọ́n dáwọ́ lé kíkọ́ ilé Ọlọ́run tuntun ni nǹkan yí padà. Nàtáníẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń gégi àjà, iṣẹ́ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ ti mọ́ jù, ó ní kí wọ́n fo orin. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ni kò fo orin rí nínú wa? Nígbà tó ṣe, wọ́n fo Bíbélì kíkà. Àdúrà tó kù wá ń kúrú, orúkọ ìyá yọ kúrò nínú rẹ̀, títí tó fi ku Àdúrà Olúwa nìkan, tí Nàtáníẹ̀lì ń kà lórí ìdúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Nígbẹ̀yìn, kò kà á mọ́. Bí ẹ bá bi í, á ní ṣebí iṣẹ́ Ọlọ́run lòun ń sáré lọ ṣe. Òótọ́ ni, iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Iṣẹ́ náà ló sì wá gba àyè Ọlọ́run mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, Fébè rí nǹkan méjì. Ó rí i pé ìyá kò gbé àpótí wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó tún rí i pé oparun kan ti ṣẹ́ nísàlẹ̀ ọgbà, tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ki imú bọ ibẹ̀. Ihò náà kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ. Ó sọ méjèèjì fún ọkọ rẹ̀. Nàtáníẹ̀lì ní ogbó ló dé sí ìyá, ó ń sùn pẹ́ ni. Ti ihò wá ńkọ́?

Ó fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé, "Imú lásán lo rí yẹn. Ṣé imú ló ń jẹṣu ni?"

Ó ki imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bọ ojú ihò náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, orí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Fébè tún sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ fi pákó kan ti ibẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ti kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tán, òun á tún ọgbà hun. Bẹ́ẹ̀ ló ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la.

Nígbà tí ìkórè ku ọjọ́ mẹ́ta, abo ẹlẹ́dẹ̀ kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Wọn kò fi ebè kan sílẹ̀. Inú bí Nàtáníẹ̀lì, ó lọ pe àwọn àgbà, ó ní kí Ṣówándé wá fi iṣu dípò iṣu. Ṣówándé kò bá a jiyàn rárá, ó ní kí wọ́n ṣáà lọ fọwọ́ kan ihò náà. Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa etí oparun náà. Ó ti dán bí èèkù ọkọ́.

Baálẹ̀ ní, "Nàtáníẹ̀lì, ihò yìí kì í ṣe ti àná. Àìtètèmólè, olè ń mólóko."

Wọ́n dá Ṣówándé láre, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Nàtáníẹ̀lì wọlé, ó káwọ́ lérí, ó ń ráhùn pé kí lòun fẹ́ gbé síwájú pẹpẹ. Ìyá rẹ̀ wá jókòó tì í, ó fi orúkọ tó ń jẹ́ kó tó ṣèrìbọmi pè é.

"Àjàó, ti iṣu kọ́ ló ń dùn mí. Nígbà tí ẹ̀ ń gbàdúrà, láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀. Mo ti ń rò ó pé Ọlọ́run tí wọ́n ń ka orúkọ mi fún lójoojúmọ́, ó yẹ kí n lọ kí i. Ni orin bá dákẹ́. Mo ní bóyá ọ̀fun ń dùn ọ́ ni. Ìwé náà dákẹ́. Ìgbà tí orúkọ mi wá dákẹ́, mo ní ohun tí ọmọ mi rí níbẹ̀ ti tán nìyẹn. Kí lèmi arúgbó tún ń wá lọ?"

"Kò tán, Ìyá," ni Nàtáníẹ̀lì wí, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. "Èmi ni mo pa á tì."

Ìyá ní, "Kì í ṣe àná ni ẹlẹ́dẹ̀ yẹn wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ nimú rẹ̀ ń wọlé, ojú rẹ ló sì ṣe."

Ọwọ́ òfìfo ni Nàtáníẹ̀lì gbé lọ síbi ìkórè lọ́dún náà, gbogbo ìjọ ló sì rí i. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi tún ọgbà rẹ̀ hun. Ti ìyá rẹ̀ gba ọdún méjì gbáko, tó ń kọrin, tó ń kàwé, tó sì ń dárúkọ rẹ̀ láràárọ̀, kí obìnrin náà tó wọ pálọ̀ wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, bí àwọn àgbà ìjọ bá rí ẹni tó kàn fo orin òwúrọ̀ kan ṣoṣo, wọn kì í dúró dìgbà tó bá ṣubú kí wọ́n tó rán an létí pé, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.