Bámgbàlà Lọ Ná Àbúrò Rẹ̀

Ọmọ ìyá kan náà ni Bámgbàlà àti Ọdẹ́ṣínà, ará ìlú Ìdómọ̀já. Àgbẹ̀ paraku ni Ọdẹ́ṣínà. Bámgbàlà ní tirẹ̀ mọ ọjà ná. Bí ó bá fẹ́ ra àgbò, yóò ní ó yarọ, yóò ní ojú ń dùn ún, títí olóhun yóò fi máa bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú bá òun fà á lọ.

Ní ọdún tí ogun dé, Jagun Kúmúyì mú Ọdẹ́ṣínà lóko, ó sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ẹrù iyọ̀ mẹ́wàá rà á padà. Ìyá wọn ta gbogbo aṣọ rẹ̀ kí iyọ̀ náà tó pé.

"Bámgbàlà, má ná an o. Iye tí wọ́n pè é ni kó o san."

"Ìyá mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ó fi ẹrù àti alárù pamọ́ sí abúlé kan, ó dá wọ ilé Jagun. Ọdẹ́ṣínà wà ní àgbàlá, wọ́n so ó mọ́ igi, ó ń gbọ́.

"Baba, mẹ́wàá ti pọ̀ jù," ni Bámgbàlà wí. "Ọ̀lẹ ni. Tó bá ti jẹun tán, oorun ló kàn. Wárápá sì máa ń gbé e."

"Wárápá kẹ̀?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ́. Ẹ gba méjì, kí n bá yín gbé wàhálà kúrò nílé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi mà nìyí," ni Ọdẹ́ṣínà wí.

Bámgbàlà ṣẹ́jú sí i.

"Màá rò ó," ni Jagun fèsì.

Ẹni tó mọ ọjà ná kì í sáré padà sídìí ọjà. Ọjọ́ márùn-ún ni Bámgbàlà fi jókòó sí abúlé kó tó gbé ẹrù méjì lọ. Okùn nìkan ló bá lára igi.

"Jagun, àbúrò mi dà?"

Jagun ń jẹ iṣu. "Àwọn olówò ẹrú kọjá lọ sétí òkun ní ọjọ́ kejì tí o lọ. Gbogbo ohun tí o sọ fún mi ni mo sọ fún wọn. Ajá kan ni wọ́n fún mi." Ó nawọ́ sí ajá náà. "Ṣé kí n jẹ́ kí àbúrò rẹ kú sí mi lọ́rùn ni?"

Bámgbàlà kó ẹrù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, òun àtàwọn alárù sì fi ọjọ́ mẹ́ta sáré dé etí òkun. Olórí olówò ló bá lórí yanrìn.

"Ẹ gba gbogbo rẹ̀, ẹ dá àbúrò mi padà fún mi. Ẹ fi ilé mi kún un. Ẹ fi èmi gan-an kún un."

"Ọkọ̀ òyìnbó ti gbé e lọ láàárọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "A ò rí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí."

"Ṣé ó dárúkọ mi?"

"Mo bi í bóyá ó lẹ́nìkan nílé. Ó ní òun ò ní."

Bámgbàlà ru iyọ̀ padà sílé. Ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ kan iyọ̀ náà. Àwọn àgbà àdúgbò tó wá kí ìyá náà ló sọ gbólóhùn tí a kò tíì gbàgbé títí dòní: bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.